Àlàfo Ilẹ̀kùn Òsì

Ó na ìka méjì, àtàǹpàkò àti èyí tó tẹ̀ lé e. Láàárín wọn, rọ́bà pẹlẹbẹ kan tí ó gé lára àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó. Ó ki rọ́bà náà bọ àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn òsì àti ara ọkọ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á gòkè. Wẹ́rẹ́. Bí ẹni ń yọ ìrọ̀rí lábẹ́ orí ọmọ tó ń sùn. Kò mí. Eyín òkè rẹ̀ di ètè ìsàlẹ̀ mú. Rọ́bà ń gòkè, ó ń fara ra ilẹ̀kùn, ó ń fara ra ara ọkọ̀, ariwo rẹ̀ ò ju ti ẹsẹ̀ aáyán lórí bébà lọ. Ó dé ìdajì. Ó kọjá ibi ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó ku díẹ̀ kó yọ lókè.

Ó há.

Ọkùnrin náà ò fà á. Kò tì í. Ó fi í síbẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó ń wò ó bí ẹni rí ejò lẹ́nu ọ̀nà.

Lánàá, kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù, rọ́bà yìí kan náà lọ, ó bọ̀, kò há níbì kankan.

Ẹlẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ fún un lórúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ó bá a mu. Ẹni tó ń mu omi bí ẹni ń mu oògùn. Ẹni tó máa ń ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tán, tí á rìn dé ìta, tí á tún padà wá tì í wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wọ aṣọ fún ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Aṣọ ni wọ́n ń pe fáíbà: bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà, ilẹ̀kùn, búùtù, gbogbo ohun tí ojú ń rí. Egungun ni wọ́n ń pe ṣáásì, àwọn irin gbọọrọ tí gbogbo ọkọ̀ gbé ara lé.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi fáíbà kan ọkọ̀ ojú omi ló ti kọ́ iṣẹ́, nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Níbẹ̀ ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ aṣọ onígíláàsì sínú móòdù tó ní ìrísí ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń da omi gọ́ọ̀mù lé e, bí wọ́n ṣe ń fi rólà lé afẹ́fẹ́ jáde kó má baà di ihò. Níbẹ̀ náà ló ti mọ ìyún. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ fáíbà rí mọ ohun tí à ń wí. Ẹ̀gún tí ojú ò rí, nínú awọ, nínú kọ́là, nínú bẹ́ẹ̀dì. Títí dòní, ìyàwó rẹ̀ ò jẹ́ kí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ bá aṣọ ẹnikẹ́ni pàdé nínú omi kan náà.

Irin rọrùn, ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń tẹ irin. Ọgọ́rùn-ún á jáde, wọn á jọra bí ẹyin inú páálí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ló ń tẹ́ fáíbà. Ọwọ́ ẹni tó sùn dáadáa yàtọ̀ sí ọwọ́ ẹni tí kò sùn. Ilẹ̀kùn òsì kì í ṣe ìkejì ilẹ̀kùn ọ̀tún; ọmọ bàbá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Bí wọ́n bá wá sínú ọkọ̀, a ó gé wọn létí, a ó ha wọ́n, a ó gbé wọn kọ́, a ó wò ó, a ó tún sọ wọ́n kalẹ̀. Kí àlàfo tó dọ́gba láti òkè dé ilẹ̀, ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Ìdí tí ó fi fi àwọn ọlọ́kọ̀ omi sílẹ̀ ni àna rẹ̀. Bàbá Wẹ́dà. Ọkùnrin gíga, tí iná ìjórin ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, ní pálọ̀ rẹ̀, lójú ọmọ rẹ̀ obìnrin tí Ẹlẹ́sọ̀ fẹ́, ó ní kí ó fi àwọn wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ó ní kí ó wá bá òun. "Èmi á máa ṣe egungun, ìwọ á máa wọ̀ ọ́ láṣọ. Lọ́jọ́ tí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwọ àti ọmọ mi lẹ ni ibẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Ẹlẹ́sọ̀ ti ń fi ṣe oúnjẹ láti ọdún yìí wá. Òun ló fi ń fara da ìyún.

Ìgbà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti ìlú òkèèrè dé, tí ó ti ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ni adùn ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Rewáyà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bàbá bí. Aláwàdà, ẹlẹ́rìn-ín, ẹni tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ kí àpótí rẹ̀ tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá fún un ní igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi Bàbá léèrè ìgbà tí yóò sinmi, kì í sọ̀rọ̀ àna mọ́. Á ní, "Ẹ jẹ́ ká wo bí ọkọ̀ Dókítà ṣe máa jáde ná."

Ọkọ̀ Dókítà nìyí. Ọkọ̀ àtòpọ̀, tí aṣọ rẹ̀ wá nínú àpótí pákó bí àga ìgbéyàwó, tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ti wà lára fáíbà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Oníjòókòó méjì péré, kò ní òrùlé. Bàbá ló jó ṣáásì rẹ̀, ó tẹ̀ lé àwòrán tó bá àpótí wá. Ẹ́ńjìnnì ti wà níbẹ̀. Rewáyà ti fa wáyà rẹ̀ tán. Aṣọ ló kù. Nínú aṣọ, ilẹ̀kùn ló kù. Nínú ilẹ̀kùn, ti òsì.

Bí ilẹ̀kùn yìí ò bá tì, iṣẹ́ ta ni kò dára? Ti Ẹlẹ́sọ̀ ni. Bí iṣẹ́ Ẹlẹ́sọ̀ ò bá dára, ta ni kó ni ṣọ́ọ̀bù? Ọmọ ọdún méje lè dá a lóhùn.

Ó tún un ṣe. Ó tú bóòtù ìńjìsì tí ilẹ̀kùn fi ń kọ́, ó gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀, ó fún un padà. Rọ́bà lọ, rọ́bà bọ̀. Ó lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, rọ́bà há. Ibì kan náà. Òkè, lẹ́yìn.

Rewáyà wọlé nígbà tí ó ṣì ń wò ó, ó kọ́ wáyà sọ́rùn bí ẹni kọ́ ìlẹ̀kẹ̀, ó ń súfèé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn yín tún ti bínú?"

Ẹlẹ́sọ̀ ní kò bínú. Ó ní òun kàn ń nù ún ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Rewáyà ò tíì sún mọ́ ọkọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló wà. Báwo ló ṣe mọ̀ pé ilẹ̀kùn tún ti bínú? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ó ṣe é bí ẹni pé kò gbọ́, ó ń nu ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ kan ń bẹ lára fáíbà, èkejì ń bẹ lára ọwọ́ Rewáyà. Ọwọ́ tí kì í dúró. Tó ń fọwọ́ kan èyí, tó ń gbọn tọ̀hún wò. Nígbà tí Rewáyà fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn òsì láti so bàtà, Ẹlẹ́sọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sọ.

Ó ní kó jọ̀ọ́, kó má fẹ̀yìn tì í.

Rewáyà rẹ́rìn-ín. Ó ní ilẹ̀kùn tí kò lè gbé ẹ̀yìn òun, báwo ni yóò ṣe gbé ti Dókítà tó sanra bí àpò ìrẹsì? Bàbá tó ń lọ irin lọ́hùn-ún rẹ́rìn-ín náà. Ẹlẹ́sọ̀ gbọ́ ẹ̀rín méjèèjì. Wọ́n jọra jù.

Ní alẹ́, ó dúró sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní kó yá òun ní kútẹ̀sì pupa tó fi ń kun èékánná. Obìnrin náà bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ní iṣẹ́ ni.

"Iṣẹ́ wo ló ń kun èékánná ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi?"

Ó ṣàlàyé. Òun á kán an sórí bóòtù àti ara irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, ojú kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá tú u, ìlà pupa á já, kò sì ní lè tò ó padà.

Ẹsẹ̀ obìnrin náà dúró lórí ẹ̀rọ.

"Ta lẹ fura sí?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ò dárúkọ. Ẹni mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ yọ ara yín kúrò, ó ku méjì. Ọ̀kan ló bí mi. Èkejì, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà."

Ẹlẹ́sọ̀ na ọwọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà mú ìgò kékeré náà nínú àpótí òwú, ó fi sí i lọ́wọ́. Ó ní kó má lò ó tán o, nítorí bí wọ́n bá rí kútẹ̀sì lára bóòtù, tí wọn ò rí i lára òun, wọn á ní ọkọ òun ti fẹ́ ìyàwó kejì. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́.

Ó kán an bí ó ti wí. Ìńjìsì òkè, ìńjìsì ìsàlẹ̀, irin ibi tí ilẹ̀kùn ti ń kọ́. Tóótòòtó, bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn. Rọ́bà lọ, rọ́bà bọ̀. Ó lọ sílé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn.

Ní òwúrọ̀, ìlà pupa ò já. Kò sí èyí tó já. Ó fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mú gírígírí.

Rọ́bà há.

Èyí burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ó bá já, ó mọ̀ pé ẹnìkan tú u. Bí kò bá já ńkọ́? Ó túmọ̀ sí pé ẹni náà rí ìlà, ó tú u, ó ṣe tirẹ̀ tán, ó sì tún un kùn. Ẹni tó ní sùúrù nìyẹn. Ẹni tó ní ojú. Ẹlẹ́sọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbóòórùn bóòtù bóyá kútẹ̀sì rẹ̀ jẹ́ titun. Bẹ́ẹ̀ ni Rewáyà bá a. Ó bi í bóyá ilẹ̀kùn náà ti ń rà ni. Ẹlẹ́sọ̀ dìde, ó sì wo èékánná Rewáyà. Pupa wà ní etí àtàǹpàkò. Ó sún mọ́ ọn. Téèpù wáyà ni, pupa, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Kì í ṣe Rewáyà, nígbà náà. Rewáyà ò ní sùúrù tó lè fi kun ohunkóhun. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ yìí ní ewé méjì péré.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo Bàbá.

Bí a ṣe ń wo àna ẹni ò rọrùn. Ènìyàn ò lè tẹjú mọ́ ọn. Ilẹ̀ là ń wò tí a bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń wò nígbà tó bá yípadà. Ohun tí Ẹlẹ́sọ̀ fi ẹ̀yìn rí ni ó kó jọ. Bàbá ló ń gbẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Bàbá ló kọ́kọ́ ń dé. Ọrùn Bàbá ni kọ́kọ́rọ́ wà, kò sì sí òmíràn. Bàbá ní sùúrù. Ó lè jókòó ti ojú ìjórin kan láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yí. Bàbá sì ní ìdí. Ta ni kò ní fẹ́ kí ọmọ inú rẹ̀ jogún òun? Ó ti ṣèlérí fún ọmọ ọlọ́mọ lójú ẹlẹ́rìí, kò lè kó o jẹ. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ bá bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ta ni yóò bi í?

Bí ó ṣe ń tò ó, bẹ́ẹ̀ ló ń dọ́gba. Kò sí àlàfo kankan nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó ki ọgbọ́n bọ ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń fọ ọwọ́, ó ní, bí ẹni ń ṣeré, pé ta ni ó ń gbẹ̀yìn níbí lálẹ́ ná? Bàbá ń gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó ní, "Èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?" Ó sì nu ọwọ́. Ojú rẹ̀ ò yẹ̀. Ọkàn Ẹlẹ́sọ̀ sọ fún un pé ẹni tó jẹ̀bi ti pẹ́ tó ń kọ́ bí ojú ò ṣe ní yẹ̀.

Ohun kan wà tí kò wò. Ilẹ̀. Kò jẹ́ wò ó, nítorí ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Òfin ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, tí ẹnìkan ò sọ, tí gbogbo wọn mọ̀: ohun tó wà lókè, ti Ẹlẹ́sọ̀, ohun tó jẹ́ wáyà, ti Rewáyà, ohun tó wà nísàlẹ̀ orúnkún, jáàkì, táyà, àti sítáńdì irin mẹ́rin tí wọ́n gbé ọkọ̀ lé, ti Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń tojú bọ abẹ́ ti ẹnì kejì. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n pè é.

Dókítà dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeé láìránṣẹ́. Eyín ló ń tọ́jú. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó mọ́ tónítóní ní ìsọdá títì, ó sì ní ojú tó máa ń lọ tààrà síbi tó bá ṣí sílẹ̀. Ó yí ọkọ̀ po, ó ń fọwọ́ pa á lára. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn òsì. Ó tẹ̀ ba.

"Èjí lẹ́nu obìnrin, ẹwà ni," ó ní. "Lára ọkọ̀ ńkọ́?"

Rewáyà ló rẹ́rìn-ín jù. Bàbá ní yóò tó bó ṣe yẹ. Dókítà ní kò burú, òun á wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé, òun àti ọ̀rẹ́ òun kan tó ń ronú láti ṣe irú rẹ̀.

Ẹlẹ́sọ̀ sìn ín dé ẹnu géètì. Kò sẹ́ni tó ní kó sìn ín. Ní ẹnu géètì, Dókítà bi í, ní ohùn tí wọ́n fi ń bi ènìyàn bóyá ó ń fọ eyín lálẹ́, pé kí ni ó ń ṣe ilẹ̀kùn yẹn gan-an.

Ó lè sọ pé òun ò mọ̀. Òtítọ́ nìyẹn.

"Aṣọ ò ní ẹ̀ṣẹ̀, sà," ó ní. "Egungun ni kí ẹ bi léèrè. Bí egungun bá wọ́, kò sí aṣọ tó máa jókòó lórí ẹ̀."

Dókítà mi orí, ó ní ha. Ó wọ inú ọkọ̀ tó gbé e wá. Ẹlẹ́sọ̀ padà sínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ara fífúyẹ́, bí ẹni tó ti sọ ẹrù kalẹ̀. Kò pẹ́ tí ara náà fi tún wúwo.

Ní Sátidé, kò dúró de oòrùn. Ó jí nígbà tí àkùkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na ọrùn, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́, kò jí ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ò sùn. Láti inú òkùnkùn, ó ní, "Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu kì í padà sínú." Ó jáde.

Géètì ti ṣí. Iná inú ṣọ́ọ̀bù ń tàn. Ó sì gbọ́ ọ: kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Ó mọ ohùn náà. Jáàkì ni.

Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bàbá kúnlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń tẹ jáàkì. Ọkọ̀ ti gòkè níwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lórí táyà. Lọ́wọ́ òsì rẹ̀, sítáńdì. Ó ń tì í sábẹ́, ó ń fi ìka wá ibi tí yóò gbé e sí.

Ohun tí Ẹlẹ́sọ̀ ti ń kó jọ láti ọjọ́ yìí wá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó dé ẹnu, ó jáde.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Bàbá ò yíjú. Ó ní, "Èmi ni kí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Jáàkì dákẹ́. Bàbá fi sítáńdì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tí kò fẹ́ kó jí. Ó gbé ọwọ́ lé eékún, ó dìde ní ìdajì, ìdajì, ó sì yíjú. Ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀ pẹ́. Kì í ṣe ojú ẹni tí wọ́n mú. Ojú ẹni tó ń wá ibi tí ariwo kan ti wá ni.

Ó ní ọkọ̀ kì í sùn lórí sítáńdì nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Kò tíì sùn bẹ́ẹ̀ rí, láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Irin tó bá sùn lórí sítáńdì á tẹ̀, bí ẹni tó sùn lórí okùn. Nítorí náà, bí gbogbo wọn bá ti lọ, òun á sọ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi lórí táyà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á tún gbé e sókè kí wọ́n tó dé. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀.

"Ibo lẹ ń gbé sítáńdì sí?" Ohùn Ẹlẹ́sọ̀ ti yí.

"Ibi tó bá dúró dáadáa."

Nígbà náà ló wo ilẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́. Lórí sìmẹ́ńtì, ojú ibi tí ẹsẹ̀ sítáńdì ti jẹ ilẹ̀ pọ̀ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ibí lánàá, ọ̀hún níjẹta. Ọ̀kan súnmọ́ orí ọkọ̀, ìkejì súnmọ́ àárín.

Ó jókòó sórí gálọ́ọ̀nù. Ohun tí ọmọ kékeré mọ̀. Irin gbọọrọ ni ṣáásì, irin tín-ín-rín ni. Gbé e ní àárín, orí àti ìdí á rọ̀. Gbé e ní orí àti ìdí, àárín á rọ̀. Àárín ni ilẹ̀kùn wà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń wọ̀n aṣọ fún ènìyàn tó na ara, gbogbo òwúrọ̀ ló ń bá a tó tẹ̀ba. Òun gan-an ò sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí ó tó wọ̀n ọ́n, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ojú omi ò ní ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá?"

"O bi mí ta ló ń gbẹ̀yìn. Mo dáhùn."

Ó dọ̀bálẹ̀. Gbogbo àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. Bàbá ní kó dìde, ilẹ̀ ní epo. Ó ní Dókítà ń bọ̀.

Wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà. Rewáyà dé, ó bá ṣọ́ọ̀bù tó dákẹ́ bí ilé aláìsàn, ó bi wọ́n ta ló kú. Bàbá ní kó wọlé sínú ọkọ̀. Òun náà wọlé, sí ìjókòó awakọ̀, kí ìwúwo ènìyàn méjì lè wà nínú rẹ̀ bí yóò ṣe wà lójú títì. Baba àti ọmọ jókòó sílẹ̀, wọ́n kọjú síwájú, wọn ò lọ síbì kankan. Rewáyà na ọwọ́, ó fi ẹnu ṣe ohùn fèrè ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́.

Ẹlẹ́sọ̀ tú ìńjìsì. Ó gbé ilẹ̀kùn, ó sún un síwájú ní ìwọ̀n èékánná, ó fún un. Ó ha etí rẹ̀ lókè pẹ̀lú sáńpépà, eruku funfun ń bọ́ sórí eékún Bàbá, Bàbá ò gbọ̀n ọ́n. Ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń mí. Kò tíì súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí, láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ó yẹ kó sọ ọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu géètì. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀: Bàbá, ohun kan wà tí mo sọ fún Dókítà. Ìṣẹ́jú kan péré ló gbà. Ó ha fáíbà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Dókítà á ti gbàgbé. Ẹnu mélòó ni ọkùnrin náà ń wò lóòjọ́? Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ nísìnsìnyí, lẹ́yìn ti àárọ̀, ọ̀rọ̀ méjì á di ọ̀kan, ọ̀kan náà á di òkè. Ó ń wo Rewáyà ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Bóyá Rewáyà gbọ́ ọ. Bóyá ó wà lẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ náà. Ó ti dákẹ́ jù lónìí.

Ó ti ilẹ̀kùn. Pọ́. Ohùn kan, kò ní èkejì. Ó ṣí i, ó tún un tì. Pọ́.

Bàbá ní, "Ó ti dára." Ó jẹ́ kí Rewáyà sọ̀kalẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e jáde ní apá kejì.

Dókítà dé nígbà tí oòrùn ti ń mú, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ dígí dúdú. Ó ti ilẹ̀kùn òsì, ó ṣí i, ó tún un tì bí ọmọdé. Ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá gbọ́ ọ. Ó ní òun ò rí èjí mọ́. Ó gbá Rewáyà lẹ́yìn, ó bọ Ẹlẹ́sọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí Bàbá, pẹ̀lú inú dídùn, láìní ibi kankan nínú.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Egungun tó wọ́ yẹn, ẹ ti tún un jó, àbí? Wọ́n sọ fún mi pé òun ló ń dà wá láàmú."

Ẹni dígí dúdú wo abẹ́ ọkọ̀.

Bàbá ò bi í ta ló sọ. Kò sí ìdí. Ó wo Ẹlẹ́sọ̀, kò pẹ́, bí ẹni ń wo aago lára ògiri, ó sì padà wo Dókítà. Kò sí ojú ìjórin kan nínú ṣáásì náà tó wọ́. Ó mọ̀. Ẹlẹ́sọ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan péré ló tó, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lójú àlejò, kí ọkọ ọmọ rẹ̀ sì di ẹlẹ́nu méjì.

"Ó ti tọ́ báyìí, Dókítà," ó ní.

Rewáyà la ẹnu. Bàbá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, Rewáyà pa á dé. Ẹlẹ́sọ̀ náà la ẹnu tirẹ̀. Kò sí ohun tó jáde.

Dókítà wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun á ronú sí i, kò sì padà wá.

Nígbà tí Bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀, Rewáyà ló fún ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹlẹ́sọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Orí táyà ni wọ́n ti ń wọ aṣọ fún gbogbo ọkọ̀ báyìí, pẹ̀lú ẹni méjì nínú ìjókòó.